Ọwọ́ Tí Sẹ́nétọ̀ Alden Merritt Fassett Bọ̀ (1931–2019)

Ìlú Gilead Corners ní ìpínlẹ̀ Vermont, níbi tí òkúta ti pọ̀ ju ènìyàn lọ, ni a ti bí bàbá wa, Sẹ́nétọ̀ Alden Merritt Fassett, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 1931. Merritt Fassett, agbẹ́kùúta ọmọ agbẹ́kùúta, ni bàbá tó bí wọn. Hattie Orvis, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ oníyàrá kan tó wà lórí òkè, ni ìyá wọn. Bàbá jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá nígbà tí eruku òkúta tó ti kún ẹ̀dọ̀fóró Merritt gbẹ̀mí bàbá náà lẹ́ni ogójì ọdún. Láti ìgbà náà lọ, bí ẹnikẹ́ni bá wúkọ́ gbígbẹ kan báyìí nínú àwùjọ, Bàbá yóò gbójú sókè wo onítọ̀hún.

Lọ́dọ̀ ìyá wọn ni wọ́n ti kàwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì máa ń ráhùn pé ìyà tí olùkọ́ bá fi jẹ àwọn nílé ìwé a tún máa dúró de àwọn nílé. Wọ́n parí ilé ẹ̀kọ́ girama ní 1949, wọ́n ṣiṣẹ́ ológun fún ọdún méjì, wọ́n sì padà wálé láìní agbára yunifásítì. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa níbí, ènìyàn lè kọ́ṣẹ́ agbẹjọ́rò lábẹ́ ọ̀gá bí ẹni ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Láti 1954 ni Bàbá ti wà lọ́dọ̀ Lọ́yà Ezra Stannard: wọ́n ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì, wọ́n ń la igi ìdáná, wọ́n sì ń kàwé òfin títí ojú yóò fi máa pọ́n wọn. Ní 1958 wọ́n yege ìdánwò, wọ́n sì gba òmìnira. Wọ́n ní ohun méjì péré ni ọ̀gá àwọn kọ́ àwọn: kí a ka ìwé dé ìparí kí a tó buwọ́ lù ú, kí a má sì bá ènìyàn bọwọ́ lórí ohun tí a kò ní ṣe.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1959, Bàbá gbé màmá wa, Ersilia Comolli, níyàwó. Ottavio Comolli, bàbá Màmá, ti Ítálì wá; òun ló ń gbẹ́ áńgẹ́lì àti ọ̀dọ́ àgùntàn sára òkúta ibojì. Bàbá àgbà kò fẹ́ kí lọ́yà di àna òun. Ó sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn nídìí oúnjẹ pé olè sàn ju lọ́yà lọ, torí olè ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Àmọ́ kò pé ọdún kan tí àwọn méjèèjì fi di kòríkòsùn. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n jọ ń jẹ polẹ́ńtà, òkèlè àgbàdo àwọn ará Ítálì, tí wọ́n sì ń jiyàn títí Màmá yóò fi kó àwo kúrò níwájú wọn.

Ní 1966 ni wọ́n dìbò yan Bàbá sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà. Ojúlé dé ojúlé ni wọ́n fi polongo. Ọkọ̀ wọn rì sínú ẹrẹ̀ ìgbà tí yìnyín ń yọ́. Àgbẹ̀ tó fi katakata fà wọ́n jáde kò jẹ́ kí wọ́n lọ àfi ìgbà tí wọ́n sọ ohun tí wọn yóò ṣe sí ọ̀nà náà. Wọ́n ṣe ọ̀nà náà.

Iṣẹ́ tó jẹ wọ́n lógún jù ni àbá òfin àwọn agbẹ́kùúta, pé kí ẹni tí eruku bá ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́ máa rí ìtọ́jú gbà lóṣooṣù, kí opó rẹ̀ má sì ṣagbe. Ní ọdún 1971 tí àbá náà dé iwájú ilé, Ottavio pẹ̀lú ti ń wúkọ́. Bàbá ti ka àwọn tó fara mọ́ ọn dé mẹ́rìndínlógún nínú ọgbọ̀n sẹ́nétọ̀.

Nígbà náà ni Royce Hapgood, sẹ́nétọ̀ tó ń sin màlúù ní apá àríwá, tó sì kórìíra àbá náà bí ìgbẹ́, jábọ́ láti orí òrùlé abà níbi tó ti ń kó yìnyín kúrò. Ó ránṣẹ́ pe Bàbá sí ilé ìwòsàn. Àṣà kan wà nílé ìgbìmọ̀ wa tí a ń pè ní bíbá ara ẹni jókòó: aṣòfin tí kò bá lè wá yóò bẹ ẹni tí èrò rẹ̀ tako tirẹ̀ pé kí òun náà má dìbò, kí àìsàn ẹnì kan má baà di èrè ẹnì kejì. Wọn kì í kọ ọ́ sínú ìwé, ọwọ́ ni wọ́n fi ń bọ̀ ọ́.

Hapgood ní, “Fassett, o mọ̀ pé mi ò fẹ́ràn nǹkan yín yẹn. Àmọ́ mi ò lè dìde. Ṣé wàá bá mi jókòó?”

Bàbá ní, “Màá bá ẹ jókòó,” wọ́n sì bọ ọwọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rìndínlógún náà yí padà. A kò ní fi orúkọ rẹ̀ ba ìwé yìí jẹ́. Ìbò di mẹ́rìnlá sí mẹ́rìnlá, ó sì ku Bàbá. Bí wọ́n bá dìbò, àbá wọlé. Àwọn opó wà lókè níbi tí àwọn aráàlú ń jókòó sí. Ìyá Bàbá fúnra rẹ̀ wà láàárín wọn, Màmá àti Ottavio sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bàbá dìde, wọ́n ní àwọn bá Sẹ́nétọ̀ Hapgood jókòó, wọ́n sì padà jókòó. Igbákejì gómìnà, tó ń dìbò nígbà tí ìbò bá dọ́gba, fi ìbò tirẹ̀ pa àbá náà.

Ẹnì kan da eruku òkúta kún korobá, ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà wa. Màmá kò bá Bàbá sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Màmá fúnra wọn ló ní kí a kọ iye rẹ̀ síbí. Ní ọjọ́ kejìlá, Màmá ní, “Ọ̀rọ̀ tó o bá Hapgood sọ yẹn, ṣé ó lè bá Pàpá mi mí èémí?”

Ottavio kú ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kìíní ọdún 1972. Bàbá jókòó tì í ní ọjọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò gbà á láti béèrè bóyá bàbá àgbà ní wọn sínú. Hapgood wá síbi ìsìnkú náà lórí ọ̀pá ìtìlẹ̀ méjì.

Ní oṣù kẹta, àbá náà padà wá. Hapgood dìde, ó ní òun kò tíì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò rẹ́ òun jẹ nígbà tí òun dùbúlẹ̀, ó ṣeé ṣe kó má purọ́ nípa eruku pẹ̀lú. Ó dìbò fún un, ó sì fa àwọn sẹ́nétọ̀ àgbẹ̀ mẹ́ta mọ́ra. Ìbò mọ́kàndínlógún ló gbé e wọlé. Ọ̀pọ̀ ilé ní ìlú wa ṣì ń jẹ nínú òfin náà títí di òní.

Bàbá lo ọdún mẹ́rìnlélógún nílé ìgbìmọ̀. Wọ́n jẹ́ díákónì ní ìjọ Kọngirigéṣọ̀n. Màmá ń lọ sí Kátólíìkì, wọn a sì pàdé nídìí oúnjẹ ọ̀sán. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣe alága ìpàdé ìlú tí a ń ṣe nínú oṣù kẹta, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni, títí kan àwa ọmọ, sọ̀rọ̀ kọjá àkókò rẹ̀.

Bàbá fi ayé sílẹ̀ ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún 2019, lẹ́ni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún. Wọ́n fi Màmá sílẹ̀ sáyé, àti Beulah àbúrò wọn. Àwa ọmọ wọn, Dorcas, Tavio àti Constance. Àwọn ọmọ-ọmọ méje, àti ọmọ-ọmọ-ọmọ méjì tí Bàbá máa ń pè ní àwọn adájọ́ nítorí pé wọn kì í rẹ́rìn-ín.

Màmá ní kí a fi èyí parí rẹ̀. Ní ọjọ́ mẹ́rin kí Bàbá tó lọ, wọ́n béèrè lórí ibùsùn pé, “Ersilia, Pàpá lọ pẹ̀lú ìbínú sí mi, àbí?”

Màmá ní, “Rárá o. Ó rán mi sí ẹ. Ó ní kí n sọ fún ẹ pé ká ní o yẹ ọ̀rọ̀ tó o sọ ni, òun ò ní jẹ́ kó o wọlé òun mọ́. Ó ní eruku ló ń pa òun, kì í ṣe Alden. Inú ló ń bí mi tí mi ò fi sọ. Nígbà tó yá, ojú ń tì mí.”

Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni Màmá fi gbé iṣẹ́ náà pamọ́. Bàbá di ọwọ́ Màmá mú, wọ́n ní, “O ṣeun tó o jíṣẹ́.”

Ẹ̀gbẹ́ Ottavio ni a ó tẹ́ wọn sí lónìí, bí Màmá ti fẹ́. Ẹ sùn re o, Bàbá. Iṣẹ́ tí wọ́n rán sí yín ti dé.