Sí Onílẹ̀ Gbígbẹ

Olówó orí mi,

Bí ẹ ṣe jáde lọ gẹrun nítorí ìpàdé yín ní ìjọba ìbílẹ̀ láàárọ̀ yìí ni méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọn dé. Wọ́n fẹ́ wo ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé tí ẹ ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kà mọ́ ibi ìkọ́lé tuntun. Fọ́ọ̀mù yín wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilẹ̀ náà gbẹ táútáú, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Ojú ò tiẹ̀ tì yín! Bàtà òjò yín rèé lẹ́nu ọ̀nà, ẹrẹ̀ mù ún dé ọrùn.

Wọ́n bi mí bóyá omi máa ń dúró níbẹ̀. Mo ní ohun tí ẹ kọ ni kí wọ́n tẹ̀ lé. Ẹ̀yin náà lẹ ṣáà ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ò kàn mí. Ọ̀gá wọn ò tíì rìn jìnnà tó fi rì dé orúnkún. Èmi àti ìkejì rẹ̀ la fà á jáde, tí àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ń wòran wa.

Ẹ fẹ́ kí àwọn ọlọ́mọ wá kọ́lé sínú àbàtà. Omi tí wọ́n bá sì fi yẹ̀pẹ̀ lé kúrò níbẹ̀, yàrá màmá yín ló máa yà sí. Ṣé ẹ kọ ìyẹn náà sínú fọ́ọ̀mù?

Mo ti lọ síbi iṣẹ́. Oúnjẹ wà nínú ìkòkò, ẹ gbé e kaná fúnra yín.

Ọ̀gá náà ní kí n kí yín. Bàtà òsì rẹ̀ ṣì wà nínú ilẹ̀ gbígbẹ yín. Ó ní kí ẹ bá òun wú u, kí ẹ sì mú un dání wá sípàdé.

Èmi tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ò kàn.