Òṣùwọ̀n Tó Kọ̀ Láti Jẹ́wọ́

Àbà Ìrẹ́pọ̀,
Ọ̀nà Auchi.
15 oṣù kọkànlá, 2012.

Gbéminíyì ọmọ mi,

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà rẹ, mo sì ti béèrè. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ ní Benin, ní Iyaro níbi tí o ń sùn àti ní Upper Sakponba níbi tí o ti ń tún ẹ̀rọ ṣe, kí iná má gbé ọ. Ara ìyá rẹ le. Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ, akọ méjì. Àdúrà àti ìròyìn ilé tán. Inú ń bí mi.

O mọ̀ pé Babájídé tó ń ra kòkó lọ́wọ́ wa gbé òṣùwọ̀n tuntun dé, èyí tó ń fi nọ́ńbà pupa hàn, àti pé láti ìgbà náà ni àpò kòkó gbogbo wa ti ń fúyẹ́. Ìwọ lo fi ẹnu ara rẹ sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù rẹ pé o ní àpótí kékeré kan tó ní wáyà pẹlẹbẹ, pé tí o bá so ó mọ́ ọpọlọ ẹ̀rọ lápá kan, tí o so ó mọ́ kọ̀ǹpútà lápá kejì, o lè dá ẹ̀rọ náà dúró láàárín iṣẹ́, kí o béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, kó sì dá ọ lóhùn ní ẹsẹẹsẹ. Mo bi ọ́ pé ṣé gbogbo ẹ̀rọ ni. O ní kò sí èyí tí kò ní jẹ́wọ́.

Ohun tí mo gbé lọ síwájú Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ nìyẹn. Èmi akọ̀wé wọn láti ọdún mọ́kàndínlógún, mo dìde, mo ní ọmọ mi yóò wá fi ọ̀rọ̀ wá òṣùwọ̀n lẹ́nu wò. Wọ́n dá Sátidé tó kọjá. Mo to bẹ́ǹṣì, mo yá ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé máìkì rẹ̀ sẹ́nu òṣùwọ̀n kí àwọn tó jókòó lẹ́yìn lè gbọ́ nígbà tó bá ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. O dé, o rí máìkì náà, o kàn ń wolẹ̀.

O tú ìdí òṣùwọ̀n, o ki wáyà bọ̀ ọ́, o ń tẹ kọ̀ǹpútà títí oòrùn fi kàn wá lórí. Gbogbo èèyàn tẹ́tí, òṣùwọ̀n náà dákẹ́. Nígbà tó yá lo wá sọ fún mi létí pé àwọn tó ṣe é ti tì í lẹ́nu pa, pé tí o bá fi agbára ṣí i, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ni yóò pa rẹ́, àmọ́ pé o lè kọ tuntun sí i. Irú ẹlẹ́rìí wo nìyẹn, tó jẹ́ pé kàkà kó sọ̀rọ̀, yóò kúkú kú? Tí o bá sì nu ọpọlọ rẹ̀ tán, tí o kọ ọ̀rọ̀ tìrẹ sí i, ta ni yóò gbà á gbọ́, nígbà tó jẹ́ ọmọ akọ̀wé ló kọ́ òṣùwọ̀n ní ohun tí yóò wí?

Babájídé gba máìkì, ó ní kí Ẹnjiníà tún òṣùwọ̀n kí, bóyá a kò kí i dáadáa ló ṣe ń bínú. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín lo ti kó àpótí rẹ, o gba ẹ̀yìnkùlé, o wọ ọkọ̀ Sùlè lọ sí Aduwawa. O kò kí àgbà kan. Iyán tí ìyá rẹ gún, ajá ló jẹ ẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gba ìwé ẹgbẹ́ tí mo fi ń ṣe akọ̀wé lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo ń ro ẹjọ́ mi fún Comfort tó ń mọ búlọ́ọ̀kù lẹ́bàá títì. Ó fi Pidgin bi mí pé ṣé Papa kò rí i ni pé sìmẹ́ńtì ti kọ kílò tirẹ̀ sára. Ó yá mi àpò kan tí a kò tíì tú. A gbé e sórí òṣùwọ̀n níwájú ẹgbẹ́. Àádọ́ta kílò ló wà lára àpò, mẹ́tàlélógójì ni òṣùwọ̀n kà. Babájídé ní ooru ló mú sìmẹ́ńtì rù. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kò ní gbé hóró kòkó kan kúrò lábà wa títí yóò fi wá òṣùwọ̀n mìíràn.

Nítorí náà, má rò pé torí òṣùwọ̀n ni mo ṣe ń bínú. Òótọ́ ti hàn, síbẹ̀ wọn kò tíì dá ìwé padà fún mi. Wọ́n ní ó di ìgbà tí ọmọ akọ̀wé bá dúró níwájú àwọn, kó sọ pé òun kò mọ iṣẹ́ náà tó bí òun ṣe fọ́nnu. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òṣùwọ̀n ní ẹni tó tì í lẹ́nu. Ta ló ti tìrẹ?

Fi owó àpò sìmẹ́ńtì kan rán Sùlè, torí Babájídé ta ti Comfort nípàá, ó sì tú. Má fi sórí fóònù mi bí o ṣe ní o ṣe lóṣù tó kọjá. Mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, bátìrì nìkan ni mo bá.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dójú tì ọ́, kó fún ọ ní ẹnu tí o lè fi tọrọ àforíjì. Ìpàdé di Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo ti dìde níwájú gbogbo wọn, mo ní o ń bọ̀.

Èmi bàbá rẹ,
Èṣùbíyì.