Bàbá Olómi Ìdí-Emì: Ìgbésí Ayé Olóògbé Malachi Bámiṣẹ́ Awótúndé (1956–2025)

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wá bá wa dárò, ẹ kú ẹsẹ̀, ẹ kú ìdúró. Ìdèrè ni wọ́n bí Bàbá wa sí, lágboolé Awótúndé, lọ́dún 1956. Àgbẹ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ ni bàbá tó bí wọn. Ìyá wọn, Edith, ọmọ Ayétẹ̀ ni, iyọ̀ ni wọ́n ń tà. Kò sówó, àmọ́ ebi ò pa wọ́n.

Ọdún 1963 ni wọ́n fi Bàbá sílé ìwé. Ìwé yẹn ò yá bọ̀rọ̀, torí sòbìà. Ẹ̀yin àgbà mọ ohun tá à ń wí: aràn gígùn tó ń tinú omi adágún wọ èèyàn lára, tó wá ń yọ lẹ́sẹ̀ bí òwú. Bàbá dùbúlẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ń kọ ebè títí wọ́n fi wa iṣu, àwọn ẹgbẹ́ wọn ti kọjá sí kíláàsì tó kàn. Tí wọ́n bá ń sọ ọ́, wọ́n á ní, "Omi tí mo fẹnu mu, ẹsẹ̀ ló gbà jáde." Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n àpá ẹ̀ ò kúrò.

Nígbà tí wọ́n jáde ìwé mẹ́fà, wọ́n kọ́ṣẹ́ ẹnjíìnì lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Èrúwà. Lọ́dún 1981, ìjọba gbà wọ́n sí ilé omi Ìdí-Emì. Ilé omi ọ̀hún ò tóbi. Páǹpù tó ń fa omi odò, kòtò oníṣìmẹ́ǹtì tí omi ń dúró sí, àti yanrìn tí omi ń gbà kọjá, ó parí. Bàbá á da álọ́ọ̀mù sí i kí ìdọ̀tí lè dì, kó rì. Tó bá gba inú yanrìn tán, wọ́n á wá fi kiloríìnì sí i, oògùn tó ń pa kòkòrò tí ojú ò lè rí. Wàhábì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Bàbá á jókòó sílé, wọ́n á gbọ́ ohùn páǹpù lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á ní, "Ó ti ń mu afẹ́fẹ́," wọ́n á ti gbé bàtà.

Ọdún 1984 ni wọ́n gbé Màmá Keturah níyàwó. Màmá, oníláfún tó ń rẹ ẹ̀gẹ́ tà, ló wá bá wọn jà nílé omi pé ẹ̀rọ ti gbẹ lọ́jọ́ kẹta. Ìjà yẹn ò parí títí wọ́n fi dé iwájú pásítọ̀. Ọlọ́run fi Adétóyìn, Abíọ́dún àti Ọmọ́tárá ta wọ́n lọ́rẹ. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ń lọ, Bàbá ló sì ń tún jẹnẹrétọ̀ sọ́ọ̀ṣì ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọdún burúkú kan wá dé. A ò ní fò ó, torí gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n.

Lọ́dún 2013, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kànga gbẹ, ẹ̀rọ nìkan ló kù nítòsí. Àwọn oníláfún bá ń fi omi ẹ̀rọ rẹ ẹ̀gẹ́. Ẹ̀gẹ́ kọ̀, kò rọ̀. Oògùn inú omi ò jẹ́ kó kan. Làtíífàt, olórí wọn, kó wọn wá sílé omi lọ́sàn-án gangan. Ó ní, "Bàbá olómi, ẹ̀gẹ́ wa ti di òkúta nínú omi yín. Ṣé eyín lẹ ní ká fi fọ́ ọ ni?" Bàbá ní oògùn yẹn ló ń ṣọ́ wọn. Wọ́n dé ilé, Màmá náà ní, "Ẹ̀yin náà lẹ̀ ń jẹ láfún lálẹ́. Ẹ ṣáà dá a dúró kí ọjà kọjá." Bàbá dá a dúró. Ọkàn wọn ni pé òjò ò tíì rọ̀, omi ò ní ìdààmú.

Òjò ò rọ̀ ní Ìdí-Emì lóòótọ́. Òkè odò ló ti rọ̀, níbi tí èèyàn àti màlúù wọn ń gbé ní gáà, ó sì gbá ìgbẹ́ wọn wọ odò. Nígbà tí omi yí àwọ̀, Bàbá fi kún álọ́ọ̀mù, omi mọ́ lójú kedere, wọ́n rò pé ó ti tán. Kò tán. Onígbáméjì wọ̀lú.

Ọmọ́tárá, àbíkẹ́yìn wọn, wá lo ìsinmi láti ilé ìwé, àrùn náà mú un. Ojú ọ̀nà ilé ìwòsàn Ìgbó-Ọrà ló kú sí, lórí itan Màmá.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó wá ní òkú ò gbọ́dọ̀ sùn nílẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wọ́n kiloríìnì líle yí sàárè ká. Bàbá nìkan ló mọ̀ ọ́n pò nílùú kó má ba ojú àti ọ̀fun jẹ́. Àwa ẹbí ní kí wọ́n má lọ, torí òbí kì í mọ sàárè ọmọ. Bàbá bi wá pé, "Ta ni yóò pò ó?" Wọ́n lọ. Wàhábì ló di garawa kejì mú. Oògùn tí wọn ò fi sómi, orí sàárè ọmọ wọn ni wọ́n fi í sí.

Màmá dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Màmá ní, "Ẹ fojú yín rí i?" Bàbá ní, "Mo rí i." Màmá wọlé. Láti ọjọ́ náà, Màmá ń se oúnjẹ fún Bàbá, wọ́n ń fọ aṣọ wọn, àmọ́ wọn ò pè wọ́n ní "Bàbá Adétóyìn" mọ́. Wọn ò pè wọ́n ní nǹkan kan. Tí Màmá bá fẹ́ pè wọ́n, wọ́n á kan ilẹ̀kùn.

Ìlú náà kọ ẹ̀rọ sílẹ̀, ó padà sódò. Nígbà tí Bàbá lọ bẹ àwọn oníláfún pé kí wọ́n má pọn ti odò mọ́, Làtíífàt, tí onígbáméjì ti pa ọmọ-ọmọ tiẹ̀, ní, "Ta ló ní kẹ́ ẹ gbọ́ tiwa? Ẹ̀gẹ́ làwa mọ̀, ẹ̀yin lẹ mọ omi." Bàbá padà sẹ́nu iṣẹ́. Bó ti wù kí ojú ọjọ́ rí, oògùn ò wọ́n nínú omi mọ́. Díẹ̀díẹ̀, ojúlé kan sí òmíràn, àwọn èèyàn gbé korobá padà sídìí ẹ̀rọ. Ọdún 2016 ni Bàbá fẹ̀yìntì, ìjọba ò rẹ́ni fi rọ́pò wọn, wọ́n ṣì ń lọ títí àyà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n.

Nínú àìsàn yẹn ni Màmá jókòó tì wọ́n, tí wọ́n ní, "Bàbá Adétóyìn." Màmá ní, "Ibo lẹ sin Ọmọ́tárá sí? Ẹ júwe ẹ̀ fún mi. Mo ti gbà láti mọ̀ ọ́n."

Bàbá ní, "Màmá Adétóyìn, mo ti rí i fún àwa méjèèjì. Ẹ jẹ́ kó wà lójú tèmi."

Màmá di ọwọ́ wọn mú. Wọn ò béèrè ẹ̀ mọ́. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀ tá a gbọ́ lẹ́nu Bàbá kẹ́yìn kí wọ́n tó gbẹ́mìí mì, lóṣù kẹta ọdún 2025.

Wọ́n fi Màmá Keturah sílẹ̀, pẹ̀lú Adétóyìn tó ń kọ́ni ní Èrúwà, Abíọ́dún tó wà n'Íbàdàn, àwọn ọmọ-ọmọ márùn-ún, àti Wàhábì tó kù níbi páǹpù.

Ẹ sùn re, Bàbá Adétóyìn. Ojú tó rí sàárè Ọmọ́tárá, kó rí Ọmọ́tárá fúnra ẹ̀. Àmín.