Bàbá, Ẹ Má Fi Òṣùwọ̀n Tí Mo Rán Wọn Ẹ̀tù Òyìnbó

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ojú ìgbẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ kú àdúrà tí ẹ ń gbà lórí wa. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Dublin níbí, àyà mi kan ilẹ̀. Mo kí Màmá mi, mo kí Ìyá Àgbà, mo kí gbogbo agbo ilé. Láṣísì àbúrò mi, ìwọ tí o ń ka lẹ́tà yìí sí Bàbá létí, mo kí ọ o. Gbóhùn sókè dáadáa, má sì fo ìlà kankan, àní níbi tí ojú bá ti ń tì ọ́ nítorí mi. Mo kí gbogbo ọdẹ Ìgbòho pẹ̀lú, nítorí inú ìwé ìròyìn ni mo fi lẹ́tà yìí sí, mi ò fi sínú àpòòwé. Ẹ ó mọ ìdí rẹ̀ tó bá yá.

Bàbá, kí n tó béèrè àlàáfíà ara, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki ẹ̀tù tuntun yẹn sínú ìbọn. Èyí tí Bàbá Rábíù gbé ti ọ̀nà Kútọnu dé ni mò ń wí, èyí tí bébà ara agolo rẹ̀ ti ṣí. Ẹ̀tù tí ẹ ti wọ̀n, tí ẹ ti dì sínú bébà, ẹ jẹ́ kó wà nílẹ̀ títí Láṣísì á fi ka ọ̀rọ̀ yìí tán. Tí ẹ bá yìn ín, ìbọn á fọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ó sì lè mú ojú tàbí ẹ̀mí lọ. Ó tán, mo ti sọ ọ́. Ẹ wá jẹ́ kí n kí yín bó ṣe yẹ kí ọmọ kí baba.

Ara wa le. Sìkírátù ìyàwó mi ń kí yín. Fàtíà ọmọ yín ti ga dé èjìká ìyá rẹ̀. Ó ń gbọ́ Yorùbá o, ṣùgbọ́n tí mo bá bi í pé báwo ni ilé ìwé, òyìnbó Dublin ló fi ń dá mi lóhùn, gbogbo nǹkan ni grand, ìyẹn ni pé ó dára. Ní Phibsborough la ṣì wà, yàrá méjì lórí ṣọ́ọ̀bù kan. Òjò ibí kì í rọ̀ kó rọ̀ tán, ó kàn ń ṣe wínniwínni síni lára ṣáá. Owó wà nílùú, mi ò ní purọ́. Ibi tí èèyàn bá yíjú sí, krénì ni, wọ́n ń kọ́lé lórí ilé, ẹni tó sì ra ilé lánàá ti ń wá òmíràn rà lónìí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí Láṣísì ti pè mí, mi ò lè jókòó. Mo máa ń dìde nídìí oúnjẹ, màá lọ wo ojú fèrèsé, mi ò ní mọ ohun tí mò ń wò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bọ́ọ̀sì ti gbé mi kọjá ibi tí mo ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Mulhuddart lọ́sẹ̀ yìí, tí mo sì fi ẹsẹ̀ rìn padà nínú òjò, tí mò ń dá sọ̀rọ̀ bíi wèrè.

Láṣísì ní òun àti ẹ̀yin jọ gun òkè ẹ̀yìn ilé ìwé kí òun tó rí network. Ó ní ẹ ti mú òṣùwọ̀n kékeré tí mo fi ránṣẹ́ sí yín jáde. Ẹ kọ́kọ́ wọn ẹ̀tù dúdú tiwa, ìwọ̀n ìka mẹ́rin tí ẹ ti ń kì láti ìgbà èwe, èyí tó jẹ́ pé tí ọ̀pá tí ẹ fi ń ki ìbọn bá ti yọ ìka mẹ́rin lẹ́nu ìbọn, ó ti tó nìyẹn. Ẹ wo nọ́ńbà tó gbé jáde. Lẹ́yìn náà ẹ wọn ẹ̀tù òyìnbó títí nọ́ńbà náà fi bá a dọ́gba. Ó ní ẹ̀tù òyìnbó náà lẹ fẹ́ yìn níbi ìsípà, ètùtù ìkẹyìn tí àwa ọdẹ ń ṣe, fún Olúọdẹ wa tó di olóògbé, nítorí ẹ̀yin ni ìbọn àkọ́kọ́ kàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù nígbà náà. Ó ní ẹ̀rù ba Bàbá Rábíù pàápàá díẹ̀, pé ó ní ṣé kí ẹ dín in kù ni, ẹ wá ní kó panu mọ́, pé èmi Ràṣídì tó ń ṣe ìbọn fún òyìnbó ni mo rán òṣùwọ̀n, kí ni Bàbá Rábíù mọ̀.

Ẹ̀rù bà mí bí mi ò tiẹ̀ mọ ìdí rẹ̀, mo sáré lọ sí Moore Street, mo ra káàdì ìpè, mo sì pè yín lórí fóònù Láṣísì lójú ẹsẹ̀. Bàbá, ẹ mọ̀ pé ìbọn ti jẹ etí yín. Èmi ń pariwo ẹ̀tù, ẹ̀tù, láàárín àwọn obìnrin tó ń ta ẹja àti òdòdó, ọ̀kan nínú wọn fi ọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní ṣé kò sí nǹkan. Ẹ̀yin náà ń pariwo òṣùwọ̀n, òṣùwọ̀n, ẹ ní ó dára púpọ̀. Ẹ ní Ọlọ́run á gbé mi ga ju àwọn ẹgbẹ́ mi lọ, ẹ ní mi ò ní fi ọwọ́ òfo wálé. Ẹ ṣàdúrà títí káàdì fi tán. Mi ò mọ̀ pé àdúrà bàbá lè máa gún ọmọ nínú bẹ́ẹ̀ yẹn. Mo ra káàdì mìíràn, àmọ́ ẹ̀yin àti Láṣísì ti sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè.

Lọ́jọ́ kejì ni mo lọ bá Declan. Bàbá arúgbó kan ni, ọmọ ilẹ̀ yìí, tó máa ń wá yin ìbọn ìléwọ́ ní kílọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí ìjọba tún bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní ìwé àṣẹ irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Òfin ibí kò gbà kí èèyàn máa di ọta nínú ilé rẹ̀, èyí tí ilé iṣẹ́ ti dì ni wọ́n ń rà. Ṣùgbọ́n Declan gbé Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ń di ọta fúnra rẹ̀ níbẹ̀. Á ṣa èèpo idẹ tí wọ́n ti yìn, á fọ̀ ọ́ mọ́, á wọn ẹ̀tù sí i, á wá fi orí ọta dé e. Ìka mẹ́ta ló kù sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọwọ́ òsì ló fi ń yìnbọn. Mo ti ń rí ọwọ́ yẹn tipẹ́, mi ò sì lè bi í rí.

Mo ròyìn yín fún un. Ó gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. Ó bi mí pé kí ni orúkọ ẹ̀tù náà, mo ní bébà rẹ̀ ti ṣí. Ó bi mí bó ṣe rí, mo ní Láṣísì ní ó rí bíi ewé tíì, ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àwọ̀ rẹ̀ sì ṣe bí eérú. Bàbá, ńṣe ni bàbá náà di ojú, ó pe orúkọ Jésù àti ìyá rẹ̀. Ìgbà yẹn ló wá sọ ìtàn ọwọ́ rẹ̀ fún mi.

Ó ní agolo ẹ̀tù méjì ló wà lórí tábìlì òun lọ́jọ́ náà, ọ̀kan ń yára jó, ìkejì ń rọra jó. Fóònù dún, ó lọ gbé e. Nígbà tó padà dé, ó da èyí tó ṣẹ́kù nínú ìwọ̀n sínú agolo tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwọ̀ wọn jọra, kò sí ohun tó hàn. Ó wá jókòó, ó wọn ọta kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú sùúrù. Òṣùwọ̀n kò sì parọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan, ó sọ bí ẹ̀tù ṣe wúwo tó, kò kàn lè sọ irú ẹ̀tù tó jẹ́ ni. Nígbà tó máa yin ìkẹta, ìbọn là sí méjì.

Ó ní láti ọjọ́ náà, ẹ̀tù kan ṣoṣo ló máa ń wà lórí tábìlì òun. Ẹ̀tù tí kò bá lórúkọ, òun kì í bi í ní orúkọ, òun á gbé e jìnnà sí ìbọn ni. Bí ẹ̀tù kò bá tiẹ̀ yí padà, tí orí ọta bá ti yí padà, bóyá ó wúwo ju ti àná lọ tàbí ó wọlé jù, ó di kí òun ṣí ìwé, kí òun tún bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n tó kéré jù. Èyí kò ṣàjèèjì sí yín, Bàbá. Bí ẹ ṣe ń kì í fún àparò kọ́ lẹ ń kì í fún ìmàdò. Ṣùgbọ́n ẹ ronú kan èyí náà: tí a bá di ẹrù koríko gbígbẹ, tí a di ẹrù igi ayìn, tí ìwọ̀n wọn dọ́gba, ṣé bí wọ́n ṣe ń jó dọ́gba ni? Koríko á gbiná lẹ́ẹ̀kan náà ni. Ìbọn yín rèé, páìpù omi ni alágbẹ̀dẹ fi rọ ọ́, ẹ̀tù dúdú ló sì mọ̀. Kò lè gba ohun tó wà nínú agolo yẹn mọ́ra láéláé.

Ẹ ó wá bi mí pé, Ràṣídì, ṣé ìwọ kò mọ gbogbo èyí kí o tó rán òṣùwọ̀n ni?

Mo ti dìde lẹ́ẹ̀mẹta lórí àga láti ìgbà tí mo ti kọ ìlà òkè yẹn. Mo ti se tíì tí mi ò mu. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: èyí kọ́ ni lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ. Mo ti kọ ọ̀kan ṣáájú, ojú ìwé mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ ìmọ̀ràn bí ẹni pé ọ̀jọ̀gbọ́n ìbọn ni mí. Sìkírátù kà á, ó pòṣé. Ó ní ọ̀gá ló rán òṣùwọ̀n, ọ̀gá náà ló tún ń ní kí wọ́n má lò ó, èwo ni kí Bàbá gbà? Ó ní kí n sọ ẹni tó rán òṣùwọ̀n fún yín. Inú bí mi, mo jáde nílé láìmú agboòrùn, mo rìn létí odò tí wọ́n gbẹ́ gba àdúgbò wa títí bàtà mi fi rin gbingbin. Mo padà dé, mo fa lẹ́tà náà ya.

Bàbá, agbálẹ̀ ni mí. Èmi ni mò ń gbá èèpo ọta jọ tí àwọn òyìnbó bá yìnbọn tán. Èmi ni mò ń fọ ṣáláńgá wọn, tí mò ń fọ ife tí wọ́n fi mu tíì, tí mò ń tò ó sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní press. Mi ò yin ìbọn kankan níbẹ̀ rí. Nígbà tí ẹ bi mí lọ́dún àkọ́kọ́ pé ṣé à ń ṣe ìbọn ni, mo ní à ń bójú tó o. Ẹ̀yin lẹ fi ìyókù kún un, èmi sì dákẹ́, nítorí ó dùn létí mi. Fọ́tò tó wà lára ògiri pálọ̀ yín, níbi tí mo ti fi nǹkan bo etí bí ayìnbọn, ti Declan ni nǹkan náà. Ìgbálẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ mi, mo ní kí ó yà á láti àyà sókè.

Ọ̀rọ̀ wíwọn ẹ̀tù, ẹnu ọ̀nà ni mo ti gbọ́ ọ. Ọkùnrin méjì ń sọ̀rọ̀ nípa Amẹ́ríkà, ọ̀kan ní èèyàn gbọ́dọ̀ máa wọn ẹ̀tù nígbà gbogbo. Mo gbé garawa ìdọ̀tí jáde, mi ò gbọ́ ìyókù. Ní Sátidé mo ra òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn wúrà, mo fi rán Alhaja kan láti mọ́ṣáláṣí wa tó ń bọ̀ nílé. Mo kọ ọ́ sínú bébà pé bí a ṣe ń ṣe é níbí nìyí. Èmi, bí a ṣe ń ṣe é! Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi kò pé ọdún mẹ́rin.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí Láṣísì gbé agolo náà lọ sóko tó jìnnà, kí ó má mú iná dání, kí ó fọ́n ọn ká sórí ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fọ́n ajílẹ̀. Declan ló sọ bẹ́ẹ̀. Èyí tí ẹ dì sínú bébà pàápàá, kí ó bá a lọ. Ìka mẹ́rin ẹ̀tù dúdú tiwa ni kí ẹ yìn fún Olúọdẹ, òun náà ló mọ̀ nígbà ayé rẹ̀.

Mo ṣèlérí pé ẹ ó mọ ìdí tó fi jẹ́ ìwé ìròyìn. Mo mọ irú ẹni tí ẹ jẹ́, Bàbá. Ká ní ẹ̀yin nìkan ni mo sọ ọ́ fún, ẹ ó bo àṣírí mi. Lọ́jọ́ ìsípà, tí àwọn ọdẹ bá ní ẹ̀tù ọmọ yín dà, ẹ ó yìn ín, kí wọ́n má baà mọ̀ pé irọ́ ni Ràṣídì pa. Ẹ ó fi ọwọ́ yín gbà mí sílẹ̀. Nítorí náà ni mo fi tú u fún gbogbo wọn. Ẹ̀yin ọdẹ Ìgbòho, ẹ fi mí rẹ́rìn-ín títí inú yín á fi rọ̀. Bàbá, orúkọ tí ẹ fẹ́ fi ọwọ́ yẹn dáàbò bò kò sí mọ́.

Ọlọ́run á lọ́ra ẹ̀mí yín, á jẹ́ kí a fojú rí ara wa ní àlàáfíà. Màmá ò ní fojú sunkún yín. Ìsípà á lọ láìsí àdánù. Ẹ bá mi kí Bàbá Rábíù, ẹ ní mo dúpẹ́ pé ẹ̀rù bà wọ́n. Láṣísì, tí o bá kà á tán, gun òkè, kí o fún mi ní ìpè kan péré. Mi ò ní gbé e, kí owó rẹ má baà tán. Tó bá ti dún, màá mọ̀ pé Bàbá gbọ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràṣídì, agbálẹ̀.