Owó Ọṣẹ Ti Dé, Ó Ku Ènì

Elavagnon, lẹ́yìn ọdún Àjíǹde

Fáníyì ọmọ mi, tí àwọn fadá sọ ní Eugène,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara Antoinette ìyàwó rẹ le? Ṣé àwọn ọmọ ń jẹun, tí wọn kò sì gbàgbé bí a ti ń kúnlẹ̀ kí àgbà? Àwa náà wà, Ọlọ́run kò jẹ́ kí a rí ibi. Ilé rẹ kò ní gbóná, òkun tó ń pariwo létí Lomé kò ní pariwo wọ ayé rẹ, àmín. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ewúrẹ́ pupa ti bí ìbejì, Bàbárímisá àbúrò bàbá rẹ ṣì ń wúkọ́ ṣùgbọ́n kò tíì ṣíwọ́ ìjà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ìwé yìí, bí lẹ́tà kan bá wọ́, ojú rẹ ló wọ́.

Fáníyì, owó ti dé! Mo ní owó ọṣẹ ti dé láti Faransé!

Jẹ́ kí n rán ọ létí àdéhùn wa, nítorí o máa ń gbàgbé ohun tí kò bá dùn mọ́ ọ. Sista Brigitte, òyìnbó tó ń tọ́jú aláìsàn ní mísọ́n, mú ọṣẹ dúdú mi lọ sílé nígbà tó ń padà, Colette àbúrò rẹ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré níbẹ̀ wá kọ̀wé pé kí n fi àpótí kan ránṣẹ́, òun á sanwó. Mo fi ránṣẹ́. Ìwọ rẹ́rìn-ín. O ní wọ́n ti jẹ ọṣẹ mi gbé, o ní bí owó náà kò bá dé kí Àjíǹde tó kọjá, kí n da ìkòkò ọṣẹ dé, kí n wá sí Lomé wá jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì tí o rà, kí n sinmi. Mo gbà, ìyá rẹ kì í sá fún àdéhùn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú mi, nítorí eérú ni mo mọ̀, àdín ni mo mọ̀, n kò mọ ìjókòó.

Nígbà tí ìwé báǹkì dé, tí ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ọdún Àjíǹde pé, mo ró aṣọ Kérésì, mo wọkọ̀ lọ bá wọn ní báǹkì ní Atakpamé. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Isidore jókòó sẹ́yìn irin bí adìẹ tí wọ́n ń gbé lọ sọ́jà. Ó ní Madame, owó yín ti dé. Mo jó díẹ̀. Ó wá kó owó fún mi, àṣé owó wa níbí ni! Ọ̀kan ń rùn bí ẹja gbígbẹ, epo pupa wà lára ìkejì. Mo ní Colette kì í ta ẹja, níbo ni owó tí òun fọwọ́ kàn wà? Ó ní owó náà fúnra rẹ̀ kò rìn wá, ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ránṣẹ́ gba ara wáyà pé kí wọ́n fún mi. Ìyẹn yé mi kíá. Bí èmi náà ti ń ránṣẹ́ sí oníṣu ní Moretan nìyẹn, pé kó fún àǹtí rẹ níṣu, èmi àti òun á jọ ṣírò owó rẹ̀ tó bá yá. Ọ̀dọ̀ wa ni àwọn òyìnbó ti kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n owó kò pé. Mo bi í bóyá wáyà ló họ ọ́ lójú ọ̀nà. Ó ní rárá, báǹkì ló yọ díẹ̀ lórí rẹ̀, kọmísọ́n ló ń jẹ́. Mo bú sẹ́rìn-ín! Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ohun díẹ̀ tí wọ́n ń yọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sanwó, ènì ló ń jẹ́, ẹni tó rajà ló sì ni ín. Colette ló rajà. Kí ni báǹkì rà? Mo ti owó náà padà gba àárín irin, mo ní n kò gbà á. Ọkùnrin kan lẹ́yìn mi ní ìyá àgbà yìí ń dá wa dúró. Mo ní kó dúró di ọjọ́ orí mi kó tó sọ̀rọ̀. Wọ́n pe ọ̀gá wọn, Monsieur Philippe. Ó fi Faransé ṣàlàyé, ó fi èdè Ewé ṣàlàyé, ó fi èdè tiwa náà kún un títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ. Mo ní gbogbo èdè ló dára, ènì kan náà ni.

Ṣùgbọ́n bó ti ń sọ̀rọ̀ ló ń họ ọrùn, ooru ti yọ kókó wẹ́wẹ́ sí i lọ́rùn. Ṣé èmi lè jáde kí ọṣẹ má wà nínú àpò mi? Mo na ọ̀kan sí i pé kó gbóòórùn rẹ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó rà á. Isidore náà rà. Ọkùnrin ẹlẹ́nu gígùn yẹn rà! Mo bá na ọwọ́, mo gba owó mi, nítorí báǹkì ti di oníbàárà, ènì tí wọ́n yọ ti tọ́ sí wọn. Mo ní lọ́jọ́ mìíràn, kí ẹ kọ́kọ́ rajà kí ẹ tó yọ ọ́.

Nítorí náà n kò wá sí Lomé mọ́. Gbé bẹ́ẹ̀dì yẹn fún ìyá Antoinette, òun ló mọ̀ ọ́n sinmi. Colette tún ti ní òun ń fẹ́ àpótí méjì.

Ohun kan ló kù. Báǹkì tó ra ègé ọṣẹ méjì péré ti gba ènì, Colette tó ra odindi àpótí kò tíì gba nǹkan kan! Ojú ń tì mí. Mo ti gé ọṣẹ ènì rẹ̀ sọ́tọ̀, mo fi iṣu kan tì í, nítorí ènìyàn kì í jẹ ọṣẹ. Àwọn ará póòsì ní owó tí wọn yóò fi gbé iṣu náà lọ ju owó iṣu lọ, owó ọṣẹ sì ti di àdín. Ọmọ mi, fi owó póòsì ránṣẹ́, ìwọ lo bá mi jiyàn, ìwọ lo sì jẹbi. Ṣùgbọ́n má fi gba báǹkì o! Ti Colette ni gbogbo ọṣẹ tó wà nílẹ̀, n kò ní èyí tí wọn yóò rà kí wọ́n tó yọ ènì. Fún Joachim awakọ̀ kó mú un bọ̀.

Ọwọ́ rẹ kò ní gbẹ. Ọjà tí o bá gbé kò ní kùtà. Ọdún tí Ọlọ́run bá wọ̀n fún ọ, kí ó fi ènì sí i.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìbíọlá Élisabeth, ọlọ́ṣẹ Elavagnon àti Faransé.