Ọjọ́ tí Olùkọ́ Dùùrù Ní Kó O Dúró

Yàrá mi, ilẹ̀kùn títì,
Sátidé, ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta.

Ẹyinfúnjowó, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

“Kò sí kóòtù tí wàá lọ! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ní èmi ni mo gba ọ̀daràn sílé ni? Pa ẹnu ẹ dé!”

Màámi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo ìyẹn mọ́ mi. Má wo bí ìkọ̀wé mi ṣe rí.

Ṣé dáadáa lo wà? Ara màmá ẹ ńkọ́? Ṣé o ti ń sùn dáadáa nílé tuntun yẹn? Látìgbà tẹ́ ẹ ti kó lọ, èmi nìkan ni mò ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì wa ní kíláàsì. Wọ́n ní kẹ́nì kan wá jókòó tì mí, mo fi báàgì dí àyè ẹ. Àárò ẹ ń sọ mí débi pé mo máa ń ya ọ̀nà ilé yín àtijọ́ láìnídìí.

Agbẹjọ́rò obìnrin tó gbọ́ tẹnu ẹ wá sílé wa lánàá. Ó ní òfin orílẹ̀-èdè tí olùkọ́ dùùrù tó gba yàrá lọ́wọ́ wa yẹn ti wá lè mú un lọ́hùn-ún fún ohun tó ṣe fún ẹ níbí. Àṣé téèyàn bá wọ bàálù, kò tíì bọ́. Wọ́n fẹ́ gba ìwé ìrìnnà ẹ̀, torí ó ti gba tíkẹ́ẹ̀tì láti lọ kọ́ àwọn ọmọ ibòmíì. Ṣùgbọ́n olùkọ́ náà ní òun ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní dùùrù lọ́jọ́ tó o wí, pé irọ́ lò ń pa.

Agbẹjọ́rò bi Màámi bóyá ẹnì kan kọ nǹkan sílẹ̀ nígbà náà. Màámi ní, “Ẹ̀yin lẹ̀ ń kọ nǹkan, àwa ń wá oúnjẹ.”

Èmi kọ ọ́. O mọ̀ pé gbogbo nǹkan ni mo máa ń kọ. Ọjọ́ àti aago tó ní kí èmi máa lọ, kí ìwọ dúró, ó wà nínú ìwé mi. Ohun tí mo kọ nípa ẹ náà wà níbẹ̀: pé agbéraga ni ẹ́, pé mi ò bá ẹ ṣe mọ́. Ìlara ni. Mo rò pé torí o mọ̀ ọ́n tẹ̀ jù mí lọ ló ṣe yàn ẹ́. Mo wọ bàtà mi, mo lọ. Wọ́n ní àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Tèmi ò tíì gbẹ̀yìn. Mo ti di ojú ìwé yẹn mú láti ya á.

Bá mi kí màmá ẹ. Bá mi fa àbúrò ẹ létí.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ni mò ń lọ, kì í ṣe ilé-ìwé. Odindi ìwé náà ni màá gbé fún un. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́tà yìí gan-an, ó dìgbà tí mo bá débẹ̀ kí n tó fi ránṣẹ́.

Èmi tó ń wọ̀nà fún ẹ,
Dúdúyẹmí.