Ẹja Àkọ́pa Tí Mo Dá Jẹ

Ajé, 4 Òkúdù 1962
Ọkọ̀ òfurufú já mi sílẹ̀ sórí yìnyín etíkun wa, ní ìkángun àríwá ayé. Ọdún mẹ́rin nílé ẹ̀kọ́ àwọn òyìnbó. Obìnrin kan gbé imú lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó ń gbọ́ òórùn mi, ó ń sunkún. Ìyá mi ni. Ẹlẹ́kún ni n óò máa pè é nínú ìwé yìí. Ṣebí òun ló fà mí lé wọn lọ́wọ́.

Ọjọ́rú, 6
Àgọ́ kan, àwa mẹ́ta. Ẹran àgbọ̀nrín nílẹ̀, tútù ni wọ́n ń jẹ ẹ́, bí ìṣe wa. Mo ní kí wọ́n sè é. Jusipi, àbúrò mi, ní, "Òyìnbó dé o. Ẹ bá a wá ṣíbí." Mo gbá a létí. N ò kábàámọ̀.

Àbámẹ́ta, 9
Mo dá yìnyín adágún lu, mo ju ìwọ̀ sí i. Ẹja ńlá, ikùn rẹ̀ pupa. Mo sá sẹ́yìn àpáta, mo jẹ ẹ́ ní tútù, wàrà-wàrà. Nílé ẹ̀kọ́, ẹni tó bá rọra jẹun, wọ́n á gba oúnjẹ rẹ̀. Orí nìkan ló kù.

Àìkú, 10
Wàhálà. Jusipi rí orí ẹja náà, ó sì sọ fún wọn. Ẹja àkọ́pa ọmọ kì í ṣe tirẹ̀. Ti ìyá tó gbẹ̀bí rẹ̀ ni, òun ló ń pín in, kí ọwọ́ ọmọ lè máa mú ẹran títí ayé. Mo mọ̀ ọ́n rí — mo ti gbàgbé. Ìyá Niviaksi ló gbẹ̀bí mi. Ọdún méjìlá ló ti ń retí. Ẹlẹ́kún ní wọ́n ti ba ọmọ òun jẹ́. Ojú mi ló ti sọ ọ́.

Ajé, 11
Mo lọ gbé orí ẹja náà, mo tọ́jú rẹ̀ sínú yìnyín.

Ìṣẹ́gun, 12
Ìyá Niviaksi wá fúnra rẹ̀. "Wọ́n ní ìwọ lo jẹ ẹja mi. Ṣé ó dùn?" Mo ní ó dùn. "Kí ló kù?" Mo gbé orí rẹ̀ wá. Ó jẹ ojú, ó fa egungun mu, ó fún Jusipi ní ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja náà. Ó ní òun ti pín in, ó parí. Ó wá bi mí ìdí tí mo fi sá pamọ́ jẹun.

Mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ — ẹ̀kọ tí kòkòrò léfòó lórí rẹ̀, búrẹ́dì àjàgbà, ebi àsùnmọ́jú. Mo kọjú sí Ẹlẹ́kún: ẹ̀yin lẹ fà mí fún wọn.

Kò sunkún. Ó ní ọdún tí bàbá kú ni, kò sẹ́ni tó ń dọdẹ, wọ́n sì ṣèlérí pé màá yó lọ́dọ̀ àwọn. Torí oúnjẹ lòun ṣe jọ̀wọ́ mi.

Ẹtì, 22
Òyìnbó tó ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tí wọn yóò kó lọ sílé ẹ̀kọ́ dé, tòun ti ògbufọ̀. Màmá mi ní, "Ebi pa á lọ́dọ̀ yín." Ògbufọ̀ ní ó ń kí wọn káàbọ̀. Màmá tún un sọ. Ògbufọ̀ ní ṣúgà ló ń tọrọ. Ni mo bá dìde, mo sọ gbogbo rẹ̀ lédè wọn, ketekete, tòun ti kòkòrò inú ẹ̀kọ. Òyìnbó gbọ́ mi dópin. Ó mi orí. Ó wá kọ orúkọ Jusipi sábẹ́ tèmi.

Màmá gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fà á ya. Ìyẹn ò nílò ògbufọ̀.